Kí Òwú Tó Wọ Òfì

Àbúrò mi, kí o tó ka owó fún ẹnikẹ́ni nítorí aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ, fa àga sún mọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe èyí tí àwọn tó ń tajà yóò sọ fún ọ, torí ọjà ni wọ́n fẹ́ tà. Àwa tí a ti sin ìyàwó lọ sílé ọkọ láàárín Àkúrẹ́ àti Oǹdó, a ti rí aṣọ tó mú kí gbogbo ilé dìde, a sì ti rí èyí tó fàya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí alága ìdúró tó kí àwọn àna tán. Ohun tó ń ya aṣọ méjèèjì sọ́tọ̀ kì í sábà jẹ́ owó. Ahunṣọ wà níbì kan, télọ̀ wà níbòmíràn, ìyàwó wà láàárín pẹ̀lú fọ́tò tó rí lórí Instagram, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì jọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí aṣọ náà ṣe rí, torí ọ̀pọ̀ àwa tó ń wọ̀ ọ́ ni kò mọ̀. Òfì tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, èyí tí àwọn ọkùnrin ń lò láti ilẹ̀ wá, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ti inú rẹ̀ jáde. Fífẹ̀ rẹ̀ tó bí ínṣì 4, ti ayé òde òní sì lè fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ahunṣọ á hun ún lọ gbọọrọ, wọ́n á wá gé e ní gígùn-gígùn, wọ́n á sì rán ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì títí yóò fi di ìró tàbí gèlè. Ṣe ìṣirò rẹ̀ pẹ̀lú mi. Aṣọ tó bá fẹ̀ tó ínṣì 72, bí ìlà kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ínṣì 4, ìlà 18 ló wà nínú rẹ̀, ojú rírán sì jẹ́ 17. Ojú rírán 17 yẹn ni agbára aṣọ náà. Bí wọ́n bá rán wọn dáadáa, aṣọ á dúró bí ọba. Bí wọ́n bá sáré rán wọn, wàá fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ rẹ mú láti ìgbà tí o bá jókòó títí wọn yóò fi gé àkàrà òyìnbó.

Àwọn ìyá wa ní ìhà tiwa yìí, ní Oǹdó, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀ títí dé Èkìtì, òfì tó dúró lóòró ni tiwọn. Inú ilé ni wọ́n ti ń lò ó, aṣọ tó ń jáde níbẹ̀ sì fẹ̀, ó nípọn, ó ń pẹ́. Kíjìpá ni. Bí ìyá àgbà rẹ bá ní kíjìpá nínú àpótí, jọ̀wọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di aṣọ ìnulẹ̀. Àá padà sórí àpótí ìyá àgbà yẹn láìpẹ́.

Nígbà tí o bá dé Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, nítòsí ààfin Déjì, ọba ìlú náà, wọ́n á tú aṣọ sílẹ̀ fún ọ títí ojú rẹ yóò fi ṣú. Mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe Àkúrẹ́ ni wọ́n ti hun ún. Ìsẹ́yìn, Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin ni ọjà ti ń wá jù. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àmọ́ ó túmọ̀ sí pé ẹni tó ń tà á fún ọ lè má mọ ẹni tó hun ún, bí o bá sì ní kí wọ́n ṣe tìrẹ lọ́tọ̀, ẹnu mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ rẹ yóò gbà kọjá kó tó dé etí ahunṣọ. Béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló hun èyí? Ṣé mo lè bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù?” Ẹni tó bá dá ọ lóhùn pé kò pọn dandan, kí i, kí o sì kọjá sí ìsọ̀ tó tẹ̀ lé e. Má bẹ̀rù àtiná ọjà náà. Ní Oǹdó, obìnrin ni Lóbùn, òun ni olórí ọjà, òun náà ló sì ń fi Òṣemàwé, ọba ìlú náà, jẹ. Ìtàn ìlú náà sọ pé obìnrin, Púpùpú, ló kọ́kọ́ jẹ ọba níbẹ̀. Ọmọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ máa tijú níwájú oníṣòwò.

Òwú ló kàn, ibẹ̀ sì ni ìrẹ́jẹ pọ̀ sí. Mẹ́ta ni àwọn baba wa kà sí àgbà nínú aṣọ òkè. Ti sányán, ara òwú tí kòkòrò inú igbó kan fi ń kọ́lé ni wọ́n ti ń rí i, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti erùpẹ̀ gbígbẹ. Àlàárì pupa. Sílíkì tí wọ́n fi ń hun ún láyé àtijọ́ gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹtù dúdú, aró ẹ̀lú ni wọ́n fi ń rẹ òwú rẹ̀ léraléra, wọ́n sì ń fi ìlà funfun tín-ín-rín là á láàárín. Lónìí, bí wọ́n bá fi sányán hàn ọ́ lọ́jà, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n sábà ń sọ. Òwú lásán tí wọ́n pa láró ni, èyí tí wọ́n ń pè ní sílíkì náà sì sábà máa ń jẹ́ òwú ilé iṣẹ́ tí kòkòrò kankan ò mọ nǹkan nípa rẹ̀. Kò di dandan kí o kọ̀ ọ́. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí o san owó kòkòrò fún iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Bí o ṣe máa mọ̀ ọ́n rèé. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún ọ ní òwú díẹ̀, fà á gùn bí ìka, kí o sì ṣá iná sí i. Bí ó bá jó bíi bébà, tí eérú rẹ̀ fúyẹ́, òwú oko ni tàbí irú rẹ̀ tí wọ́n fi igi ṣe. Bí ó bá ń rùn bí irun tó jóná, tó sì ká kò, sílíkì gidi ni. Bí ó bá yọ́, tó wá di kóró dúdú tó le, rọ́bà ni ìyá rẹ̀. Èyí tó ń dán yìí, tí a ń pè ní ṣáìn-ṣáìn, tó gba òde kan láàárín ọdún 1970 sí 1980, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi irin pa lójú ni. Ó dára nínú fọ́tò, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó ń ha ara, ó ń gbóná, bí áyọ́ọ̀nù gbígbóná bá sì kàn án, ó parí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ṣáìn-ṣáìn jẹ́ ìlà kan tàbí méjì láàárín, kó má gba gbogbo aṣọ. Gbọ̀ngàn Àkúrẹ́ lóṣù kẹta, kódà kí fáànù ogún máa ṣiṣẹ́, kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń wọ rọ́bà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àrà òde òní. Mi ò sí lára àwọn tó gbà pé aṣọ òkè gbọ́dọ̀ rí bó ṣe rí nígbà tí wọ́n ń gbé ìyá wa níyàwó. Shade Thomas-Fahm, tó kọ́ iṣẹ́ aṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù tó sì padà sí Èkó ní 1960, ti sọ ìró di síkẹ́ẹ̀tì oní-sípù, ó sì ti ń ṣe gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi í yangàn lónìí. Kenneth Ize, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà sí Austria, aṣọ òkè ló gbé lọ síbi ìdíje àwọn aránṣọ tí wọ́n ń pè ní LVMH ní 2019, ó sì wà lára àwọn tó dé ìpele àṣekágbá. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2020, Naomi Campbell, gbajúmọ̀ nídìí àfihàn aṣọ, gbé aṣọ rẹ̀ wọ̀ ní Paris. Kóòtù àti ṣòkòtò ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ahunṣọ orí òfì sì ni wọ́n hun aṣọ tó fi rán wọn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé àrà tuntun ń ba aṣọ ìbílẹ̀ jẹ́, rẹ́rìn-ín sí i.

Ibi tí àrà òde òní ti wúlò jù ni kí òwú tó wọ òfì. Má kàn gbé fọ́tò fún ahunṣọ. Fọ́tò ń purọ́ nípa àwọ̀, kì í sì í sọ ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀. Wá ẹni tó lè ya ìlà náà sórí bébà tàbí sórí kọ̀ǹpútà: àwọ̀ wo ló kọ́kọ́ wá, báwo ló ṣe fẹ̀ tó, èwo ló tẹ̀ lé e, níbo ni ọnà máa jókòó sí. A ní irú wọn nítòsí. Ẹ̀ka Industrial Design wà ní yunifásítì FUTA níbí ní Àkúrẹ́, iṣẹ́ aṣọ sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ọmọ kan tó ti jáde níbẹ̀ lè yà á fún ọ lówó tí kò tó ti ìpara ojú. Tí ahunṣọ bá rí i, yóò sọ èyí tó ṣeé ṣe àti èyí tí kò ṣeé ṣe lórí òfì. Gbọ́ tirẹ̀. Ẹni tó ti ń hun aṣọ láti kékeré mọ ohun tí kọ̀ǹpútà ò mọ̀: bí òwú kan ṣe ń sún kì bí wọ́n bá hun ún mọ́ òmíràn, àti bí ihò tí o fẹ́ kí wọ́n dá sí ara aṣọ ṣe máa mú kó rọ. Lẹ́yìn náà ni kí o ní kó hun ìwọ̀nba kékeré kan fún ọ wò. San owó rẹ̀ lọ́tọ̀, má ṣahun. Gbé e síta nínú oòrùn, gbé e wọ inú iyàrá tó ní gílóòbù, rún un mọ́wọ́, fi omi rin igun rẹ̀ kan kí o sì fi aṣọ funfun nù ún bóyá aró yóò jáde. Bí pupa bá gbà sára funfun, ara léèsì olówó iyebíye rẹ ni yóò gbà sí lọ́jọ́ náà bí òógùn bá dé.

Télọ̀ ló kù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an sì ni mo fẹ́ kí a tètè dé. Ọ̀pọ̀ télọ̀ tó mọ àńkárá rán bí idán kò mọ aṣọ òkè gé. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì ya ọmú àti ìbàdí lé e, wọ́n á sì fi síọ́ọ̀sì là á já láìwo ibi tí ojú rírán wà. Aṣọ tí ọwọ́ hun, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ló dì. Bí o bá gé e láàárín, òwú á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa tú títí dé ibi tí wọ́n ti rán an. Ìdí nìyẹn tí aṣọ fi ń ya lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo kọ́ ẹ̀kọ́ kan lórí èyí láti ibi tí o ò ní rò. Ṣé o mọ̀ pé ní Ìlàjẹ, ní etíkun ìpínlẹ̀ wa, ìgbòkun ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ kí ẹ̀rọ tó dé? Ayétòrò wà níbẹ̀, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ dá sílẹ̀ ní 1947, tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ tí wọ́n sì tún ń hun aṣọ nígbà kan. Àwọn olówó tó ń fi ọkọ̀ ìgbafẹ́ ṣeré lórí omi náà ń lo ìgbòkun, ẹgbẹ́ wọn kan, Lagos Yacht Club, sì ti wà ní Èkó láti 1932. Ìgbòkun bẹ́ẹ̀, ìlà aṣọ tí wọ́n rán mọ́ ara wọn ni, bíi ti aṣọ òkè gẹ́lẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ní ikùn kí afẹ́fẹ́ lè rí ibi dúró sí. Àwọn tó ń ṣe é kì í wá ikùn yẹn nípa gígé àárín aṣọ. Ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gé kó yípo díẹ̀, bí wọ́n bá ti rán wọn pọ̀, ìgbòkun á yọ ikùn fúnra rẹ̀. Lónìí kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò bí ẹ̀gbẹ́ náà yóò ṣe yípo tó, síbẹ̀ àwọn oníṣẹ́ kan ṣì ń fi abẹ́rẹ́ àti ọwọ́ rán igun rẹ̀, pẹ̀lú awọ ní àtẹ́lẹwọ́ kí abẹ́rẹ́ má baà gún wọn. Ohun tí mo ń sọ fún gbogbo télọ̀ nìyẹn: ojú rírán ni kí o ti wá ìbàdí. Ojú rírán 17 ló wà níbẹ̀. Fún èyí tó wà ní ìdí ọmú pọ̀ díẹ̀, fún èyí tó wà ní ìbàdí pọ̀ díẹ̀, kí aṣọ tẹ̀ lé ara láìsí pé o là á já. Níbi tí gígé bá ti di dandan, bí ọrùn àti abíyá, kó kọ́kọ́ rán ìlà méjì yípo ibẹ̀ kó tó fi síọ́ọ̀sì kàn án, kó sì fi láínìn tó fúyẹ́ sí abẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, mú télọ̀ lọ sọ́dọ̀ ahunṣọ, tàbí kí o pe àwọn méjèèjì sórí fóònù nígbà kan náà. Kí télọ̀ sọ gígùn tó fẹ́, kí ahunṣọ sọ bí ìlà ṣe máa fẹ̀ tó, kí wọ́n jọ pinnu ibi tí sípù yóò wà. Ojú rírán ni ibùgbé sípù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́, wọ bàtà tí o máa wọ̀ lọ́jọ́ náà àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí o máa wọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Jókòó kí wọ́n wọ̀n ọ́ ní ìjókòó pẹ̀lú, torí wàá kúnlẹ̀, wàá jókòó lórí itan àna rẹ, wàá sì jó. Kọ́sẹ́ẹ̀tì tí o ò lè fi kúnlẹ̀ gbàdúrà àwọn òbí kì í ṣe aṣọ ìdána ilẹ̀ Yorùbá.

Ní ti gèlè, kí wọ́n fi òwú tó tín-ín-rín hun tirẹ̀, kó fúyẹ́ ju ìró lọ. Orí ló ń gbé e fún odindi ọjọ́. Èmi ò fẹ́ràn kí wọ́n fi aṣọ tí ọwọ́ hun ṣe àótógèlè, èyí tí wọ́n ti wé sílẹ̀. Gọ́ọ̀mù àti abẹ́rẹ́ ń ba aṣọ jẹ́, lẹ́yìn ọjọ́ kan kò ní wúlò fún nǹkan mìíràn mọ́. Fi aṣọ olówó pọ́ọ́kú ṣe èyí tí o máa dé bíi fìlà, kí ẹni tó mọ gèlè wé sì wé èyí tó jẹ́ gidi fún ọ.

Ìgbà ńkọ́? Oṣù mẹ́ta ni mo máa ń ní kí wọ́n fún ahunṣọ, bí aṣọ ẹbí bá sì wà níbẹ̀, kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo òwú tí ẹ máa lò, ti ìyàwó, ti ọkọ, fìlà rẹ̀, ti àwọn ìyá méjèèjì, ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan náà. Aró tí wọ́n fi pa òwú lónìí àti èyí tí wọ́n máa fi pa á lóṣù tó ń bọ̀ kì í sábà bára mu, kò sì sí ohun tó ń bí èèyàn nínú bí ọkọ tí agbádá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá aṣọ rẹ ṣùgbọ́n tí bàbá wọn yàtọ̀. Má san gbogbo owó tán. Ìdajì nígbà tí òwú bá délẹ̀, díẹ̀ nígbà tí o bá rí ìlà àkọ́kọ́, ìyókù nígbà tí o bá gbà á. Gba gbogbo àjákù rẹ̀ pẹ̀lú, owó rẹ ni. Àjákù ni wọ́n máa fi tún un ṣe bí ó bá ya, òun ni wọ́n máa fi ṣe báàgì ọwọ́, ọ̀já ọmọ sì lè jáde nínú rẹ̀ bí Ọlọ́run bá dáhùn.

Ó yá, àpótí ìyá àgbà. Nítorí pé ìlà ni wọ́n rán pọ̀, aṣọ òkè ṣeé tú. Èyí ni ìwà rẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù, àwọn èèyàn kì í sì í lò ó. Aṣọ àtijọ́ tó ti ya níhìn-ín lọ́hùn-ún, tú ojú rírán rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, kó àwọn ìlà tó ṣì dára jọ, fọ wọ́n pẹ̀lú omi tútù àti ọṣẹ tí kò le, sá wọn síbi òjìji. Gbé ìlà kan lọ fún ahunṣọ kó fi í wo àwọ̀, kó hun tuntun tó bá a mu, kí wọ́n sì rán tuntun àti àtijọ́ pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹtù tí bàbá àgbà fi joyè lè di jákẹ́ẹ̀tì tí wàá wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ní Alágbàká. Kíjìpá fífẹ̀ kò ní ojú rírán púpọ̀, òun máa ń dára fún kóòtù gígùn tàbí fún aṣọ ibùsùn. Béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé kí o tó fọwọ́ kàn án, torí àwọn aṣọ kan wà tí ìdílé fi ń ṣe ìsìnkú tàbí oyè, wọn kì í gé wọn.

Ní ti ìtọ́jú, má kó o sínú ọ̀rá. Ojú ọjọ́ tiwa tutù lásìkò òjò, ebu á mú un. Fi aṣọ funfun wé e, ká a rógódó dípò kí o ṣẹ́ ẹ, pàápàá èyí tó ní ṣáìn-ṣáìn, kí ìlà rẹ̀ má baà kán. Káńfọ̀ kò gbọ́dọ̀ fara kan aṣọ náà, so ó sínú àkísà kékeré. Yọ ọ́ síta lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Bí o bá fẹ́ lọ̀ ọ́, tẹ́ aṣọ lé e lórí kí iná áyọ́ọ̀nù sì wà nílẹ̀.

Bí owó kò bá sì ká gbogbo rẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ọ láyà jẹ. Jẹ́ kí ìró, gèlè àti ìborùn jẹ́ èyí tí ọwọ́ hun, fi léèsì ṣe bùbá. Aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n tẹ àwòrán aṣọ òkè sí lára, tó kún ọjà, jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ fi ṣe aṣọ ẹbí bí wọ́n bá fẹ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ tìrẹ. Bí ẹ bá ti mú ọjọ́, pè mí kí a jọ lọ sí Ọjà Ọba, kí o sì rí i pé télọ̀ rẹ tẹ̀ lé wa.